Ẹgbọrọ màlúù méjìlá, ẹni mẹ́ta, àti ọdún tí káàṣì wọ́n

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àwọn mẹ́ta kan pawọ́ pọ̀, wọ́n ra akọ ẹgbọrọ màlúù méjìlá, wọ́n so wọ́n sí abà kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Èrò wọn ni pé Iléyá 2023 làwọn yóò fi tà wọ́n. Kí Iléyá náà tó dé, ìjọba ti pààrọ̀ owó náírà, wọ́n ti dìbò ààrẹ, owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, náírà sì ti já wálẹ̀ lójú dọ́là. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ ìwé owó wọn. Mi ò ní màlúù kankan níbẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Bàbá Tíṣà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn, tí wọ́n yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ẹnì kejì ni ọmọ àbúrò wọn obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àǹtí la máa ń pè é. Ẹnì kẹta ni Alábà. Òun ló ni ilẹ̀ àti abà, òun ló ń bọ́ ẹran, òun ló ń fún wọn lómi, òun náà ló ń já eégbọn lára wọn. Kò ní kọ́bọ̀ nínú owó tí wọ́n fi ra màlúù. Orí ìso ni àwọn ẹran náà ti ń jẹun, wọn kì í jẹ̀ káàkiri, torí òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ọdún 2019 kò fàyè gba fífi ẹran jẹ̀ ní gbangba mọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n jókòó láti sọ bí wọn yóò ṣe pín in ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Alábà fẹ́ kó rí bí àgbàsìn tí gbogbo wa mọ̀: o fún mi ní abo ewúrẹ́ kí n máa sìn ín, tó bá bímọ, a pín ọmọ. Bàbá Tíṣà gbà bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò yọ ojú owó, kí wọ́n pín èrè sí méjì, ìdajì fún Alábà, ìdajì fún àwọn tó lówó. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Nínú àgbàsìn, ọmọ là ń pín. Ọjà ì báà dà rú, ọmọ ewúrẹ́ kan ṣì ni ọmọ ewúrẹ́ kan lọ́wọ́ oníkálukú, ẹni tí kò bá fẹ́ tà á lè jẹ́ kó dàgbà. Akọ màlúù tí wọ́n ń bọ́ fún ọjà kò bímọ fún ẹnikẹ́ni. Iye tí ọjà bá sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tà á ni wọ́n fẹ́ pín, iye ọjọ́ yẹn kò sì jẹ́ ohun kan náà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ wò ó bí mo ṣe tò ó fún wọn lọ́jọ́ náà. Bí iye bá wálẹ̀ títí kò fi sí èrè, Alábà ti ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́jọ lásán, ṣùgbọ́n ojú owó kò bá a wí. Bó bá ga sókè, ìdajì ni tirẹ̀. Ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn kò ní gbà kí ẹ tà ní kùtùkùtù láéláé, yóò máa ní kí ẹ dúró sí i, torí dídúró kò ná an ní nǹkan kan. Bàbá Tíṣà ní tiwọn, owó tí wọn kò lè rí irú rẹ̀ mọ́ ni wọ́n kó síbẹ̀. Tí ọjà bá mì díẹ̀, ẹ̀rù yóò bà wọ́n, wọn yóò fẹ́ tà. Àǹtí ń fi pọ́n-ùn ka tirẹ̀. Màlúù lè gbówó lórí ní náírà kó jẹ́ pé náírà gan-an ló já, tó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́hùn-ún, yóò rí i pé òun pàdánù. Ẹni mẹ́ta, ẹran kan náà, ìbẹ̀rù mẹ́ta.

Nítorí náà, kí wọ́n tó lọ sọ́jà, wọ́n kọ àdéhùn. Mo rò pé ìwé yẹn ló gbà wọ́n, kì í ṣe oríire.

Ohun tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni pé Alábà yóò máa gba ₦30,000 lóṣooṣù, a ó sì kà á mọ́ ìnáwó bíi oúnjẹ ẹran. Dípò ìdajì èrè, ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni yóò gbà. Ó kọ̀ ọ́ níbẹ̀rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di ọmọ ọ̀dọ̀ ni?" Bàbá Tíṣà ní, "Rárá o. A fẹ́ kí o jẹun kódà tí ọjà bá kú ni." Ìyàwó Alábà, tó ń gbọ́ wa látẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ló ní kó gbà á.

Èkejì ni pé wọn kò gbọdọ̀ ta gbogbo ẹran lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́ta yóò jáde nígbà Àjíǹde àti Ìtúnu Ààwẹ̀, ohunkóhun tí iye ì báà jẹ́. Wọn yóò wá oníbàárà tí yóò san àsansílẹ̀ fún mẹ́rin kó tó di Iléyá. Ìyókù ni wọn yóò fi dúró de ọjà Iléyá fúnra rẹ̀. Èyí tí ọjà Iléyá kò bá sì gbà gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ọdún.

Ẹ̀kẹta ló nira jù láti kọ: bí owó bá ká ẹnì kan mọ́, kò gbọdọ̀ fa ẹran kan jáde lórí ìso lọ tà fún ará ìta. Àwọn tó kù ni yóò ra ìpín rẹ̀. Èló ni wọn yóò rà á? Bàbá Tíṣà ní iye tí ẹran ti ná wọn títí di ọjọ́ náà. Àǹtí ní iye tí ọjà ń sọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n parí rẹ̀ síbi pé kí wọ́n ro méjèèjì pọ̀, kí wọ́n pín in sí méjì.

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá lọ ra ẹran. Bunaji ni gbogbo wọn, irú màlúù funfun oníwo gígùn tí àwọn Fúlàní ń dà, tí olúkúlùkù tó nǹkan bí ọmọ ọdún kan àbọ̀, ₦185,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà ìpín Bàbá Tíṣà, mẹ́fà ìpín Àǹtí. Kò sí òṣùwọ̀n lábà, bẹ́ẹ̀ ni ọjà màlúù fúnra rẹ̀ kì í wọn nǹkan. Ojú ni alágbàtà fi ń wo ẹran, ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá mọ̀ ọ́n wò ló ń san àfikún. Téèpù aránṣọ la lò. A yí i ká àyà ẹran lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú gan-an, a sì wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó ejìká dé egungun ìdí. Ìyíká àyà lọ́nà ìyíká àyà, lọ́nà gígùn, kí a fi 10,840 pín in, tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà la fi wọ̀n ọ́n, kílò rẹ̀ la ó rí. Ọ̀kan nínú wọn, tó ní àmì dúdú létí, jẹ́ 130 láyà àti 105 ní gígùn: nǹkan bíi kílò 164. Kí ó tó di Iléyá, ó ti di 155 àti 120, ìyẹn bíi kílò 266. Kò pé pérépéré, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí èèyàn fẹ́ ojú sí alágbàtà lọ, torí ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bóyá oúnjẹ ń di ẹran lára wọn tàbí ó kàn ń kọjá lọ.

Ojú owó la kọ sára ògiri abà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, kí gbogbo ẹni tó bá dé máa rí i. Oúnjẹ jẹ́ nǹkan bíi ₦350 lóòjọ́ fún ẹran kan: èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá gbẹ (tútù rẹ̀ ní májèlé, ẹ má fún wọn), èérí àgbàdo, ewé ẹ̀pà gbígbẹ, iyọ̀. Tí a bá fi ọkọ̀, abẹ́rẹ́, oògùn aràn àti owó Alábà kún un, ẹran kan yóò ti jẹ ₦292,000 nígbà Iléyá. Ìyẹn tí méjìlá bá wà láàyè. Tí ọ̀kan bá kú, ojú owó orí èyí tó kù di ₦318,500. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù ọjà, wọn kì í ka ikú mọ́ iye owó, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni wọ́n nínú ìwé.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, a rí oníbàárà àsansílẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ń dá àjọ Iléyá. Ẹni méje ló lè pín màlúù kan fún Iléyá, agbára oníkálukú wọn sì jẹ́ ₦50,000. Bẹ́ẹ̀ ni iye ṣe di ₦350,000 fún ẹran kan. Kì í ṣe ọjà ló dá a, àpò wọn ni. Ẹran mẹ́rin ni wọ́n fẹ́. Wọ́n san ìdajì, ₦700,000, sínú àkáǹtì tí Bàbá Tíṣà àti Alábà jọ ń fọwọ́ sí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹran tó ti pé ọdún méjì bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀, tí àyà rẹ̀ kò sì dín ní 150. A kọ ọ́ sílẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, wọ́n fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni káàṣì wọ́n. Báńkì àpapọ̀ ti kéde láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022 pé àwọn yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ni gbèdéke, wọ́n sún un di ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Owó àtijọ́ wọlé sí báńkì, tuntun kò jáde tó. Ẹni tó bá ti gbé ọjà màlúù rí mọ̀ pé káàṣì lẹ̀mí rẹ̀: darandaran tó ti Ṣakí dé kò fẹ́ gbọ́ tìránsífà, alápatà tó ń tà ní kílò-kílò ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà lójoojúmọ́. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Láàárín oṣù Kejì, alágbàtà kan gun ọ̀kadà wá sí abà, ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn ẹran kan, ó ní òun yóò san ₦160,000, owó tuntun, lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ tìránsífà, ₦205,000. Ẹran kan náà, wákàtí kan náà, iye méjì. Ohun tí ẹran náà sì ti ná wọn títí di ọjọ́ yẹn ni ₦238,250.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìgbéyàwó ọmọ Bàbá Tíṣà kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n pe Alábà lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan: "Ta méjì níbẹ̀ fún mi, èyí tí ó bá rí ni kó rí." Alábà kò tà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ìwé tí gbogbo wa fọwọ́ sí wà níbí." Ó pè mí, mo pe Àǹtí. A ro ₦238,250 pọ̀ mọ́ ₦205,000, a pín in, ó jẹ́ ₦221,625. Àǹtí gba ìpín méjì níye yẹn, ₦443,250, ó sì fi ránṣẹ́ kí alẹ́ tó lẹ́. Bàbá Tíṣà pàdánù ₦33,250 lórí méjèèjì. Inú wọn kò dùn, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní alágbàtà ló rà á, ₦66,500 ni ìbá lọ tó bá jẹ́ tìránsífà. Tó bá jẹ́ káàṣì, ó ju ₦156,000 lọ. Ohun tó tún wù mí jù ni pé ìpàdánù Bàbá kò jáde nílé. Ọwọ́ ọmọ àbúrò wọn ló bọ́ sí.

Owó àjọ Iléyá ló bọ́ ẹran ní gbogbo àkókò yìí. Oúnjẹ oṣù kan fún méjìlá jẹ́ ₦126,000, ẹni tó ń ta èérí àgbàdo sì ń gba tìránsífà torí òun náà ń fi san tirẹ̀. Láìsí ₦700,000 yẹn nínú àkáǹtì, wọn ìbá ti ta ẹran díẹ̀ ní iyekíye kí ìyókù lè rí jẹ.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù dá ẹjọ́ lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta pé owó àtijọ́ ṣì wúlò, káàṣì bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, láàárín Àjíǹde àti Ìtúnu Ààwẹ̀, mẹ́ta jáde gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, ₦255,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹran kọ̀ọ̀kan ti ná wọn ní ₦264,250. Alábà bínú gidi. Ó ní a rí i pé iye ń gòkè, a sì lọ ta ẹran lábẹ́ ojú owó. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bóyá káàṣì yóò tún sá lọ, owó mẹ́ta yẹn sì san oúnjẹ èyí tó kù títí dé òpin. Mi ò rí ìdí tí mo fi lè pè é ní àṣìṣe. Èèyàn tí yóò bá ta díẹ̀ ní gbogbo ìgbà gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn pé díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò bọ́ sọ́jọ́ burúkú.

Ní oṣù Karùn-ún, ọ̀kan fi ẹsẹ̀ há sínú kòtò omi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dá. Alápatà gbé e ní ₦170,000. Ó parí.

Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo kan kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Gbogbo màlúù tó ń ti òkè Ọya bọ̀ gbé owó ọkọ̀ tuntun kọ́rùn. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀: dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦470 ní báńkì kọjá ₦600 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ màlúù tí a ń jẹ ní Gúúsù ń ti orílẹ̀-èdè Niger àti Chad wá, owó ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sẹ́fà sì ni wọ́n fi ń rà wọ́n níbẹ̀. Náírà já, ẹran wọ́n. Ẹran tó ti wà ní Ìsẹ́yìn tẹ́lẹ̀ wá di ohun iyebíye, láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣe nǹkan kan. Nígbà tí Iléyá, ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, kù ọ̀sẹ̀ kan, irú ẹran tiwọn ń lọ ní ₦400,000 ní ọjà màlúù Akínyẹlé ní Ìbàdàn.

Alábà ní kí a dá ìdajì owó àjọ padà, kí a kó ẹran mẹ́rin yẹn lọ Akínyẹlé. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦200,000, kì í ṣe ohun kékeré. Àǹtí ni kò jẹ́. "Nígbà tí ẹnì kankan kò fẹ́ ra màlúù, àwọn ló fún wa lówó." Wọ́n gbà láti kó mẹ́rin fún wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí imam àwọn alájọ wá wo ẹran ni ọ̀rọ̀ eyín jáde. Ó ya ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo iwájú eyín ìsàlẹ̀. Màlúù tó bá ti pé ọdún méjì máa ń pààrọ̀ eyín méjì àárín. Àwọn tuntun fẹ̀, wọ́n sì ga ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, ọwọ́ lásán mọ̀ wọ́n. Nínú mẹ́jọ tó kù, méjì ṣì ní eyín ọmọdé lẹ́nu bí wọ́n ṣe sanra tó. Kílò wọn pé, ọjọ́ orí wọn kò pé, kò sì sí oníbàárà Iléyá tó máa gbà wọ́n. Mẹ́fà pé: mẹ́rin fún àjọ, méjì lọ Akínyẹlé ní ₦400,000. Méjì eléyín ọmọdé yẹn lọ sọ́dọ̀ alápatà lẹ́yìn ọdún, ₦310,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọjọ́ mẹ́wàá inú àdéhùn tó pé. Nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù Keje, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àrùn anthrax, tó ń pa màlúù tó sì lè ran èèyàn, ti wọ ìpínlẹ̀ Niger. Tí méjì yẹn bá ṣì wà lórí ìso nígbà náà, mi ò rò pé alápatà kan yóò sọ ₦310,000.

Ìwé owó rẹ̀ nìyí. Gbogbo owó tó wọlé jẹ́ ₦3,755,000. Gbogbo ìnáwó, pẹ̀lú owó Alábà oṣù mẹ́jọ, ọkọ̀ àti owó ọjà, jẹ́ ₦3,475,000. Èrè jẹ́ ₦280,000. Alábà gba ₦70,000 nínú rẹ̀, ìyẹn tó fi di ₦310,000 lápapọ̀ fún un. Ní ìpín ₦17,500 fún ẹran kan, Bàbá Tíṣà tó ku mẹ́rin sí lọ́wọ́ gba ₦70,000. Tí a bá yọ ìpàdánù oṣù Kejì, ₦36,750 ló kù fún wọn. Àǹtí, pẹ̀lú ìpín méjì tó rà, jèrè ₦173,250.

Kì í ṣe èrè tí èèyàn ń fi fọ́nnu. Iye ọjà káàkiri Nàìjíríà fi 22.79 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó kọjá lọ ní oṣù Kẹfà yẹn, nítorí náà owó Bàbá Tíṣà kò ra ohun tó lè rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Àǹtí ka tirẹ̀ ní pọ́n-ùn, ó ní òun kò fẹ́ sọ iye rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Alábà nìkan ló jàǹfààní tààrà, ìyẹn gan-an sì ni owó oṣù tó kọ́kọ́ kọ̀.

Wọ́n tún kọ àdéhùn mìíràn fún ọdún tó tẹ̀ lé e. Owó àjọ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn tuntun wọ inú rẹ̀: tí ọjà Akínyẹlé bá ju iye àsansílẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, ìdajì àfikún náà jẹ́ ti ẹni tó ni ẹran, tó bá dín, ìdajì àdínkù náà padà sọ́dọ̀ àwọn alájọ. Imam ni yóò tẹ̀ lé wọn lọ ra ẹgbọrọ, òun ni yóò la ẹnu ẹran kí owó tó jáde. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ ti oṣù mẹ́rin ni wọ́n rà sílẹ̀ nígbà ìkórè. Bàbá Tíṣà fi ìpín mẹ́ta péré wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Alábà fi owó ara rẹ̀ ra ìpín kan, ó sì ní kí a dín owó oṣù òun kù sí ₦25,000.